Kí Ẹ Tó Ra DAC fún Orin Gbígbọ́ Lórí Kọ̀ǹpútà

Gbogbo kọ̀ǹpútà tí orin ń jáde lára rẹ̀ ló ti ní DAC nínú. DAC ni ẹ̀yà tó ń gba orin tí wọ́n kó pamọ́ sínú fáìlì gẹ́gẹ́ bí òǹkà, tó sì ń sọ ọ́ di iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ìró ṣe ń mi afẹ́fẹ́, kí ampilifáyà àti sípíkà lè rí ohun tí wọn yóò gbé jáde. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ ra òmíràn tó béèrè èyí tó dára jù lọ́jà, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tí èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè ṣe. Iṣẹ́ mi ni láti máa to ẹ̀rọ orin sínú ilé fún àwọn èèyàn, mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ ló ń náwó sórí DAC nígbà tó jẹ́ pé ibòmíràn ni ìṣòro wọn wà.

Àyẹ̀wò tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ ki hẹ́dífóònù bọ kọ̀ǹpútà, ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè dé ibi tí ẹ máa ń gbé e sí bí ẹ bá ń gbọ́ orin, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tan orin kankan. Ẹ wá máa fi máòsì yí ojú ìwé kan sókè sódò, kí ẹ sì tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá gbọ́ ìró tín-ín-rín kan tó ń yí padà bí ọwọ́ yín ṣe ń yí, iná tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń fà ló ń yọ́ wọ ibi tí ohùn ń gbà kọjá, nítorí pé orí pátákó kan náà ni wọ́n jọ há mọ́. Irú ìṣòro yìí ni DAC tó dá dúró sábà máa ń yanjú, torí pé ó gbé iṣẹ́ náà kúrò láàárín ariwo. Bí ó bá sì jẹ́ pé hẹ́dífóònù yín kò dún tó bí ẹ tilẹ̀ gbé ohùn dé òpin, ìyẹn náà jẹ́ ìdí gidi láti ra òmíràn.

Ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ rọ́rọ́, tí ohùn sì tó yín, ẹ fi owó náà ra sípíkà tàbí hẹ́dífóònù tó dára sí i. Sípíkà tí wọ́n ṣe dáadáa pàápàá lè fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 (dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó) gbé àwọn ìró kan ga tàbí kó rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ká má tíì wá sọ ti ohun tí ògiri yàrá ń fi kún un. DAC òde òní tó jẹ́ ojúlówó kì í sábà fi ìdajì dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì kan yà láti 20 Hz (ìyẹn ìró tó ń mì ní ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) títí dé 20,000 Hz, níbi tí agbára etí ọmọ èèyàn mọ.

Àwọn òǹkà tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí ló ń dààmú àwọn oníbàárà jù. Nígbà tí CD jáde ní ọdún 1982, ìlànà tí Sony àti Philips fẹnu kò lé lórí ni pé kí wọ́n máa wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí wọ́n sì fi bit 16 (bit kan jẹ́ 0 tàbí 1) kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ìdí wà fún èyí. Ìṣirò ti fi hàn pé bí iye ìgbà tí a ń wọn ohùn bá ti ju ìlọ́po méjì iye Hz ìró tó ga jù nínú rẹ̀, a lè tún ohùn náà gbé kalẹ̀ láìsí èyí tó sọnù, 44,100 sì kọjá ìlọ́po méjì 20,000. Bit 16 náà fún wa ní àyè tó tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 96 láàárín ohùn tó ga jù lọ àti ariwo abẹ́lẹ̀, èyí tó pọ̀ tó fún orin gbígbọ́ nínú yàrá tí èèyàn ń gbé. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni tìtorí bit 32 àti 768 kHz (wíwọn ohùn ní ìgbà 768,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) san owó lé owó. Bit 24 pàápàá, nínú ìṣirò, tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 144, ṣùgbọ́n ooru inú àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ fúnra wọn ń dá ariwo tirẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí DAC tó dára jù lọ kọjá nǹkan bí 120 sí 130.

Bit 24 ṣì ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe tí mo kà sí pàtàkì. Bí ẹ bá ń lo kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ láti fi dín ohùn kù, dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6 kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá dín ló ń gba bit kan lọ. Lórí DAC tó ń gba bit 16 nìkan, ara orin gan-an lẹ ti ń gé. Lórí èyí tó ń gba 24, ẹ lè dín tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 48 kù kí ẹ tó dé orí bit 16 tí orin CD ní. Ẹ tún yẹ ètò ohùn inú Windows wò, nítorí pé iye tí ẹ bá yàn síbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń yí gbogbo ohùn sí, àyàfi bí ohun tí ẹ fi ń gbọ́ orin bá gba DAC náà fún ara rẹ̀ nìkan. Ẹni tó jẹ́ pé orin tí wọ́n yọ láti inú CD ló pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, kó yan 44,100. Ẹni tó ń wo fíìmù jù, kó yan 48,000.

Ní ti wáyà, USB ni ọ̀pọ̀ èèyàn yóò lò. Òǹkà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ di iná ní àsìkò tirẹ̀ gan-an, aago kan ló sì ń darí èyí. Nínú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní asynchronous, aago inú DAC ló ń pàṣẹ, kọ̀ǹpútà kàn ń fi òǹkà ránṣẹ́ bí DAC ṣe ń béèrè ni. Irú èyí ni kí ẹ mú, ó sì ti wọ́pọ̀ débi pé kò yẹ kó gbówó lórí.

DAC tó dá dúró kò lè wo gbogbo ariwo sàn o. Ìró kíkùn kan wà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kété tí ẹ bá so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ ampilifáyà. Ẹ yọ ṣájà lára kọ̀ǹpútà, kí ó máa fi bátìrì ṣiṣẹ́. Bí kíkùn náà bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, wáyà ilẹ̀ ló fà á: kọ̀ǹpútà àti ampilifáyà ti so mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀nà méjì, iná sì ń gba inú wáyà ohùn rìn láàárín wọn. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti ki àwọn méjèèjì bọ orí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Bí èyí kò bá ràn án, DAC tó ní ẹnu Toslink ni ẹ ó wá, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú okùn rẹ̀ kọjá, iná kò sì lè tọ̀ ọ́. Kìkì pé kọ̀ǹpútà yín náà gbọ́dọ̀ ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ tó wà lára pílọ́ọ̀gì, ẹ má ṣe gbà fún un. Ẹ̀mí èèyàn ni ẹsẹ̀ yẹn ń dáàbò bò.

Ẹni tó ń fi hẹ́dífóònù gbọ́ orin ní ohun kan tó gbọ́dọ̀ wò tí ọ̀pọ̀ olùtajà kì í dárúkọ, ìyẹn output impedance, tó jẹ́ ìwọ̀n bí ihò hẹ́dífóònù lára DAC ṣe ń dènà iná tó ń gbà á jáde. Ó yẹ kó kéré ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti hẹ́dífóònù lọ. Óòmù ni wọ́n fi ń wọn ìdènà yìí: fún hẹ́dífóònù oníóòmù 32, kó má ṣe ju óòmù 4 lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, àwọn kan nínú hẹ́dífóònù, pàápàá àwọn kéékèèké tí ẹ̀yà tó ń dún nínú wọn ju ẹyọ kan lọ, yóò máa gbé ìró kan jáde ju òmíràn lọ, etí sì ń mọ̀ ọ́n. Sípíkà kò ní wàhálà yìí: fólítì 2 ni DAC sábà máa ń gbé jáde láti ẹnu RCA, ihò tí wáyà ampilifáyà ń wọ̀, ìyẹn sì tó fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ampilifáyà.

Wọ́n tún máa ń bi mí nípa chip inú DAC, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń sọ òǹkà di iná gan-an. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, iná jó ilé iṣẹ́ AKM, tó ń ṣe irú chip bẹ́ẹ̀, ní Nobeoka lórílẹ̀-èdè Japan, chip wọn sì wọ́n débi pé àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe DAC ní láti mú ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Wọn kò lè kàn yọ ọ̀kan kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò: wọ́n ní láti tún pátákó yà. Ìwọ̀n tí wọ́n ṣe lára odindi ẹ̀rọ náà ni kí ẹ béèrè fún, ẹ má ṣe ra orúkọ chip.

Bí ẹ bá fẹ́ fi méjì wéra, ohùn wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Èyí tó fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ, bí kò tilẹ̀ tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 1, ni etí yóò máa pè ní èyí tó mọ́ jù. Ẹ tan ìró 100 Hz kan, ẹ fi mítà wọn fólítì lẹ́nu wáyà sípíkà, kí ẹ sì tún ohùn ṣe títí ìyàtọ̀ wọn kò fi ní kọjá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà, kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ wọn fún yín níbi tí ẹ kò ti lè rí ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì máa kọ ìdáhùn yín sílẹ̀. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10 ó kéré tán. Bí ẹ kò bá lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, ẹ dá èyí tó wọ́n padà fún ẹni tó tà á fún yín nígbà tí àkókò ìdápadà kò tíì kọjá.