Ìkékúrú àkọlé àtẹ àti screen reader

Ìkékúrú àkọlé àtẹ ni ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ẹni tó ń kọ ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì máa ń pèsè sílẹ̀ fún àkọlé òpó tàbí àkọlé ìlà nínú àtẹ, kí screen reader lè máa pe èyí tó kúrú dípò èyí tó gùn. Screen reader ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ sókè, tàbí tó ń gbé e lọ sórí ẹ̀rọ bréèlì, fún àwọn tí kò ríran tàbí tí ojú wọn kò ríran dáadáa. Nínú HTML, èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, àbùdá abbr (àfikún ọ̀rọ̀ inú táàgì) tí wọ́n ń kọ sínú th, táàgì àkọlé àtẹ, ni wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí. Ó ti wà láti ọdún 1997, síbẹ̀ àwọn tó ń lò ó kò pọ̀, àwọn ètò tó yẹ kó kà á kò sì ṣe é bákan náà.

Ẹni tó ń fi ojú ka àtẹ máa ń gbójú sókè wo àkọlé òpó, á tún wo ẹ̀gbẹ́ fún àkọlé ìlà, kò sì ní gbà á ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń fi etí kà á kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí àpótí kan ṣoṣo ló ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lórí Windows, tó bá ń lo screen reader tó ń jẹ́ JAWS tàbí NVDA, á tẹ Ctrl àti Alt mọ́lẹ̀, á wá máa fi bọ́tìnì ọlọ́fà rìn láti àpótí kan dé èkejì. Lórí kọ̀ǹpútà Mac, Control àti Option ni VoiceOver, screen reader tirẹ̀, ń lò fún irú ìrìn yìí. Bó bá rìn lọ sápá ọ̀tún, screen reader á kọ́kọ́ pe àkọlé òpó tuntun tó bọ́ sí, á tó wá ka ohun tó wà nínú àpótí. Bó bá lọ sísàlẹ̀, àkọlé ìlà ló máa gbọ́. Ìyẹn ni pé tí àkọlé òpó bá gùn tó gbólóhùn kan, gbogbo gbólóhùn yẹn ló máa gbọ́ kí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dé etí rẹ̀, á sì tún gbọ́ ọ nígbàkigbà tó bá padà sí òpó náà.

Ìnira yìí ni àwọn tó ṣe HTML 4.0 fẹ́ dín kù nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1997. Inú ẹ̀dà náà ni abbr ti kọ́kọ́ wọ inú àtẹ, pẹ̀lú scope àti headers, àbùdá méjì tó ń so àkọlé mọ́ àpótí rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí wọ́n lò nínú ìwé òfin èdè náà pa èèyàn lẹ́rìn-ín díẹ̀: àtẹ iye ife kọfí tí sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan mu, irú kọfí tó jẹ́, àti bóyá ó fi ṣúgà sí i. Àkọlé òpó kẹta lójú àtẹ ni "Type of Coffee", ṣùgbọ́n wọ́n kọ "Type" sínú abbr rẹ̀. Nígbà tí ohùn kọ̀ǹpútà bá ń ka ìlà sẹ́nétọ̀ kan, "Type: Espresso" ló máa sọ, kò ní í tún "Type of Coffee" pè lórí gbogbo ìlà. Ìwé náà sọ ìdí rẹ̀ gbangba: kí ìkékúrú náà kúrú, torí ẹ̀rọ lè máa pè é léraléra.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1999, W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, gbé ìlànà WCAG 1.0 jáde lórí bí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ṣe lè wúlò fún àwọn aláàbọ̀ ara. Kókó 5.6 nínú rẹ̀ ní kí wọ́n máa pèsè ìkékúrú fún àkọlé àtẹ, ṣùgbọ́n ipò kẹta, tó kéré jù lọ, ni wọ́n fi í sí. Nígbà tí WCAG 2.0 dé ní 2008, kókó yẹn ò sí mọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tó dá dúró. Ohun tó kù ni òfin 1.3.1, tó ní kí ìbátan tí ojú ń rí, bí irú èyí tó wà láàárín àkọlé àti nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀, wà nínú kóòdù pẹ̀lú, àti òfin 3.1.4 tó béèrè pé kí ọ̀nà wà láti mọ ohun tí ìkékúrú kọ̀ọ̀kan dúró fún. Òfin kejì yìí wà ní ìpele AAA, tó ga jù lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í lépa. HTML lónìí gba abbr láyè lórí th nìkan. Lórí td, táàgì àpótí tí kì í ṣe àkọlé, wọ́n ti kà á sí ohun àtijọ́ tí kò yẹ kéèyàn lò mọ́.

Lóde òní, ìdàkejì ìṣòro ti 1997 ló wọ́pọ̀. Àkọlé tó wà lójú àtẹ fúnra rẹ̀ ló ti kúrú jù, torí pé òpó tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn tó ṣe é fẹ́. Kò sí ibi tí èyí ti hàn tó àtẹ líìgì bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ ká mú Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní sáà 2003 sí 2004, tí Arsenal gbà láìpàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan, sáà tí Nwankwo Kanu fi parí iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ìlà Arsenal lọ báyìí: 38, 26, 12, 0, 73, 26, +47, 90. Nọ́ńbà 26 wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ ni iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n borí, èkejì ni iye góòlù tí àwọn alátakò gbá wọ àwọ̀n wọn. Ẹni tó ń gbọ́ àtẹ tí wọ́n kọ dáadáa á gbọ́ "W 26" àti "GA 26". Bí àkọlé kò bá sí nínú kóòdù, "26" lásán ló máa gbọ́. Kódà bí àkọlé wà, ẹni tí kò mọ̀ pé GA ni góòlù tí alátakò gbá wọ àwọ̀n ẹgbẹ́ náà kò rí nǹkan kan dì mú nínú lẹ́tà méjì yẹn, bí ohùn kọ̀ǹpútà kan ṣe ń pè é sì lè yàtọ̀ sí ti òmíràn.

Ìlànà HTML tó wà lóde báyìí fàyè gba kí abbr ṣiṣẹ́ fún ìdàkejì yìí náà. Ó ní orúkọ míì fún àkọlé ni iye rẹ̀, tí wọ́n á máa lò níbòmíì yàtọ̀ sí orí àkọlé gan-an: ó sábà máa ń kúrú ju àkọlé lọ, ṣùgbọ́n ó lè gùn jù ú, ó sì lè kàn jẹ́ ọ̀nà míì láti sọ ohun kan náà. Nítorí náà, kò sí àṣìṣe nínú kéèyàn kọ GA sójú àtẹ, kó sì kọ "Goals against" sínú abbr, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àbùdá náà kò jọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há ni pé ọwọ́ méjì ni iṣẹ́ náà wà. Aṣàwákiri (browser) ló kọ́kọ́ máa ka kóòdù, tó sì máa fi ohun tó rí ránṣẹ́. Screen reader ló wá máa pinnu ohun tó máa sọ. Firefox, fún àpẹẹrẹ, máa ń mú iye abbr lórí àpótí àtẹ, á fi í sọwọ́ gẹ́gẹ́ bí àfikún àlàyé, ṣùgbọ́n screen reader tí kò bẹ̀ ẹ́ wò á ṣì ka àkọlé gígùn. Bí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì bá fò ó, òǹkàwé kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọ ohunkóhun síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi bọ́gbọ́n mu láti fi ìtumọ̀ kan pa mọ́ sínú abbr nìkan.

Àwọn míì máa ń lo táàgì abbr, tó yàtọ̀ sí àbùdá abbr bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan: wọ́n á kọ ìkékúrú sínú táàgì, wọ́n á sì kọ ìtumọ̀ sínú àbùdá title rẹ̀. Bí Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ àkọlé àtẹ líìgì nìyí. Ẹni tó ní máòsì á gbé e lé ìkékúrú náà, ìtumọ̀ á sì yọ. Ẹni tó ń lo kíbọ́ọ̀dù nìkan tàbí fóònù alátẹ̀ẹ́ká kò sábà rí i, ọ̀pọ̀ screen reader kì í sì í kà á àyàfi tí oníǹkan bá yí ètò wọn padà. Aria-label, àbùdá tó ń fún nǹkan ní orúkọ tí screen reader máa pè, lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí th, ṣùgbọ́n ó máa ń rọ́pò ọ̀rọ̀ àkọlé pátápátá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó dúró sórí àkọlé gan-an kò ní gbọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíì ń rí. Ohun tí abbr fi dára jù ú lọ nìyẹn: lórí àkọlé, ọ̀rọ̀ tó wà lójú àtẹ ṣì ni àkọlé; inú àpótí nọ́ńbà nìkan ni orúkọ kejì ti wọlé. Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ ni kí àkọlé fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tó yé èèyàn, kí àlàyé tó gùn wà nínú caption (àkọlé gbogbo àtẹ náà) tàbí nínú ìpínrọ̀ tó ṣáájú àtẹ, níbi tí gbogbo òǹkàwé ti lè rí i.

Gbogbo èyí kò wúlò rárá bí àkọlé kò bá sí nínú th. Ọ̀pọ̀ àtẹ ló wà tó jẹ́ pé td tí wọ́n kàn mú kó dúdú kirikiri ni àkọlé wọn, tàbí tí wọ́n fi div, táàgì àkójọ lásán, tò láìní àtẹ kankan nínú kóòdù. Lórí irú wọn, kò sí ohun tí abbr lè so mọ́. Àtẹ tí kò díjú kò nílò ju th pẹ̀lú scope="col" fún òpó àti scope="row" fún ìlà. Àtẹ tí àkọlé rẹ̀ wà ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń béèrè pé kí àpótí kọ̀ọ̀kan dárúkọ àwọn àkọlé rẹ̀ pẹ̀lú id (àmì ìdánimọ̀ àkọlé) àti headers; lórí irú àtẹ bẹ́ẹ̀, screen reader lè pe àkọlé méjì tàbí mẹ́ta kó tó ka nọ́ńbà kan, ibẹ̀ sì ni abbr kúkúrú ti máa ń wúlò jù, níbi tí screen reader bá ti ń kà á.