Ẹ Jẹ́ Kí N Jókòó Ná

Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ìkíni ló sọ wá lórúkọ. Yàgbà ni o, Owé ni o, Ìjùmú ni o, ẹni tó bá pàdé ẹnì kejì lọ́nà oko á ní "Òkun o", ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe gbogbo wa ní Òkun. Ó ń dùn mí pé nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń fi ìkíni yẹn sí. Èrò á kún orí bẹ́ǹṣì, káàdì á kún tábìlì, "Kí ló ń ṣe yín?" ni mo fi ń pàdé àgbàlagbà.

Màmá kan ń wá láti abúlé kan nítòsí Ìyàrá, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. A wọ̀n ọ́n, 180 lórí 110, ó ga jù. Oṣù kejì, kò yẹ̀. A fi oògùn kún oògùn. Mo bá wọn wí lójú gbogbo èèyàn pé wọn kì í lo oògùn. Wọn ò fèsì, wọ́n kàn ń fi àtàǹpàkò tí oje ẹ̀gẹ́ ti sọ di dúdú ra etí káàdì wọn.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ò jẹ́ kí èrò wá, mo fa àga sún mọ́ wọn. Mo kí wọn dáadáa, mo béèrè oko, mo béèrè ẹni tí wọ́n jọ ń gbé. Lẹ́yìn náà mo dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ní, "Ọmọ mi, oògùn yẹn ń mú mi tọ̀ lóru. Ẹ̀yìnkùlé ni ṣáláńgá wà. Mo ti ṣubú níbẹ̀ rí, kò sẹ́ni tó máa gbé mi dìde."

Ọ̀kan nínú oògùn wọn ló ń lé omi àti iyọ̀ jáde lára. Àárọ̀ ló yẹ kí wọ́n máa lò ó, kí ìtọ̀ náà lè rọlẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Alẹ́ ni wọ́n ń lò ó, ẹ̀rù sì bà wọ́n, wọ́n pa á tì. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó sọ fún wọn. A yí i sí àárọ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó wálẹ̀ sí 146 lórí 88.

Ní 1984, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Beckman àti Frankel, gbọ́ ohùn ìbẹ̀wò aláìsàn 74 tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ní ìpíndọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 18 péré ni aláìsàn fi ń sọ̀rọ̀ kí dókítà tó já lù ú. Ọ̀rọ̀ ṣáláńgá ò lè jáde láàárín ìyẹn. Ohun tó ń tini lójú ló ń kẹ́yìn.

Ìbáwí mi tún ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ó yẹ kéèyàn jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kó má sọ̀rọ̀, kí a tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, torí ìpayà nìkan tó láti gbé e sókè. Ta ló mọ iye ìgbà tó jẹ́ pé ìpayà tí mo fi sí wọn lára ni mo kọ sí káàdì!

Mo mọ̀ pé ó rẹ àwa òṣìṣẹ́, a ò sì pọ̀ tó. Síbẹ̀, àga kò wúwo láti fà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ gba ìtọ́jú, ẹ kó gbogbo oògùn yín dání sínú ọ̀rá, títí kan àgbo. Bí oògùn kan bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ wá sọ ọ́. Aboyún tó bá fẹ́ kí ẹnì kan dúró tì í nígbà ìrọbí, kó béèrè. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà fọwọ́ sí i. Bí nọ́ọ̀sì bá sì ti ń na ọwọ́ sí káàdì ẹlòmíràn, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ọ̀rọ̀ kan." Kí ẹ sì sọ ọ́.