Olùgba adirẹnálíìnì àti iṣan tó ń jẹ́ kí ọkàn dunni

Ẹni tó bá fi ìkánjú gun Òkè Ìtasẹ̀ n'Ífẹ̀, àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì. Adirẹnálíìnì, kẹ́míkà tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ló wà nídìí ẹ̀. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé kẹ́míkà yìí kan náà tún ń pinnu bí iṣan ìmọ̀lára inú ọkàn ṣe máa ránṣẹ́ sí ọpọlọ tó.

Olùgba ni purotéènì ara awọ sẹ́ẹ̀lì tí adirẹnálíìnì máa ń so mọ́ kó tó lè ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1948, Raymond Ahlquist, onímọ̀ nípa oògùn ará Amẹ́ríkà, pín wọn sí álífà àti bétà. Nígbà tó yá, wọ́n tún pín ìkọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yà. Bétà 1 ló pọ̀ jù nínú ọkàn: òun ló ń mú un yára, tó sì ń mú un fún ẹ̀jẹ̀ jáde tagbáratagbára. Bétà 2 ń la ọ̀nà èémí. Álífà 1 ń mú òpójẹ̀ fún pọ̀.

Iṣan ìmọ̀lára kan wà tó ń ti ọkàn wọ ọ̀pá ẹ̀yìn lápá òkè, níbi tí iṣan àyà àti ti apá òsì náà ń gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí ọkàn fi ń ṣàìsàn, tó jẹ́ pé apá ló ń ro aláìsàn.

Bétà 1 máa ń ru iṣan yìí sókè láìfọwọ́ kàn án. Ìgbà tí ọkàn bá sinmi láàárín ìlù méjì ni òpójẹ̀ tó ń bọ́ òun fúnra rẹ̀ ń rí ẹ̀jẹ̀ gbà dáadáa. Tó bá ń lù ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ìlù kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú-àáyá kan, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ ìsinmi. Tó bá di 120, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ló kù, ara ìsinmi yẹn gan-an ló sì ti ń dínkù jù. Bí òpójẹ̀ bá ti dí díẹ̀, ọ́síjìn ò ní ká a mọ́. Ásíìdì àti àwọn kẹ́míkà ara bí adẹnosíìnì àti bradikáínì á kó jọ, wọ́n á sì ta iṣan náà jí.

Àyẹ̀wò lára ajá tún fi hàn pé adirẹnálíìnì lè kan iṣan ìmọ̀lára ọkàn fúnra rẹ̀. Abájọ tí ìbínú nìkan fi lè fa ìrora àyà fún ẹni tó jókòó sójú kan.

Atẹnolol, metoprolol àti bisoprolol jẹ́ oògùn ọkàn tó ń dí bétà 1. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a dúró lójijì nítorí pé ara ti yá. Bí oògùn bá ti ń dí olùgba lọ́jọ́ pípẹ́, sẹ́ẹ̀lì á máa pèsè òmíràn sí i. Ọjọ́ tí oògùn bá dáwọ́ dúró, gbogbo wọn ni adirẹnálíìnì máa bá nílẹ̀. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹni tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó gbà á, pàápàá propranolol, oògùn irú rẹ̀ tó ń dí bétà 2 pẹ̀lú.

Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lè ba iṣan ìmọ̀lára yìí jẹ́, kí ọkàn máa kú lọ láìro ẹnikẹ́ni. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣàdédé ń mí gúlegúle, tó ń làágùn tútù, ẹ gbé e lọ sí yàrá pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, àyà dùn ún o, kò dùn ún o.