Ṣé gáàsì ìdáná náà ni natural gas tí wọ́n fi ń tan jẹ́ǹ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Owó epo ti pọ̀ jù, mo sì ní jẹ́ǹ kékeré kan nílé ní Surulere. Wọ́n ní èèyàn lè fi natural gas tàn án. Ṣé gáàsì tí mo fi ń dáná yìí náà ni?

Ìdáhùn: Káàárọ̀, àbúrò mi. Rárá o, wọn kì í ṣe nǹkan kan náà, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Èyí tó wà nínú sílíńdà 12.5kg tó ò ń gbé lọ rọ̀ ládùúgbò, LPG ni, propane àti butane tí wọ́n fún mọ́ra títí tó fi di omi. Natural gas ní tiẹ̀, methane ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, kì í di omi bẹ́ẹ̀ yẹn àfi tí wọ́n bá mú un tutù dé bíi -162°C, nítorí náà páìpù ló máa ń gbà wọlé. Lámẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé ló ní páìpù yẹn, tí iná bá lọ wọ́n á kàn so jẹ́ǹ mọ́ ọn, kò sí pé epo tán láàárín òru. L'Ékòó wa níbí, àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà àti Àpápá ló ń jẹ̀gbádùn páìpù yẹn, ọ̀pọ̀ ilé tá à ń gbé ò ní. LPG lo máa lò.

Ìbéèrè: Ẹni tó fẹ́ ta kábúrétọ̀ onígáàsì fún mi ní kò sí ìyàtọ̀.

Ìdáhùn: Ìyàtọ̀ ńlá wà! Tí wọ́n bá wọn propane àti natural gas sínú abọ́ méjì tó tóbi bákan náà, agbára propane fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti ìkejì, torí náà ihò tí natural gas ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ti LPG lọ. Bi ẹni yẹn pé èwo ni wọ́n ṣe kábúrétọ̀ náà fún. Má sì retí pé jẹ́ǹ á gbé gbogbo ohun tó ń gbé lórí epo, agbára ẹ̀ máa dín kù díẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọn tó ń sọ pé àwọn á lọ rọ CNG ọkọ̀ (natural gas tí wọ́n fún mọ́ra) sínú sílíńdà ìdáná. Jọ̀ọ́, má dán an wò láé! Agbára tí wọ́n fi ń fún CNG mọ́ra tó bíi 200 bar, sílíńdà ìdáná á bẹ́ ni.

Ìbéèrè: Níwọ̀n ìgbà tí gáàsì mọ́, ṣé mo lè gbé jẹ́ǹ náà sí kọ́rídọ̀?

Ìdáhùn: Èèwọ̀! Carbon monoxide ṣì ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà ẹ̀, kò lóòórùn, kò láwọ̀, ẹni tó bá sùn sínú ẹ̀ lè má jí mọ́. LPG tó bá sì ń jò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń sá sí, inú kọ́rídọ̀ ló máa dúró sí tí á máa dúró de iná. Ìta ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé tìẹ àti ti aládùúgbò, bí ogún ẹsẹ̀ bàtà. Mo mọ̀ pé kọ́ńpáùndì Surulere míì ò ní àyè tó tóyẹn. Tí tiyín ò bá ní, má tan jẹ́ǹ yẹn rárá.