Kì í Ṣe Ẹni Tó Pa Dumbledore Ló Jogún Ọ̀pá Rẹ̀

Bí ẹ bá bá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ìtàn Harry Potter sọ̀rọ̀ ní Òṣogbo, yálà ní Òkè-Fìà tàbí níbi tí wọ́n ti ń fi fíìmù sórí fóònù fún èèyàn ní Ọlá-Ìyà, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn: ẹni tó bá pa ọ̀gá Elder Wand, ọ̀pá idán tó lágbára jù lọ nínú ìtàn náà, ló di ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n á ní Snape, olùkọ́ kan, ló pa Dumbledore, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ idán Hogwarts tó ni ọ̀pá náà, nítorí náà Snape ló ni ọ̀pá. Wọ́n á wá bi yín pé báwo ló ṣe di ti Harry, tí kò pa Snape, tí kò sì pa Dumbledore. Ìbéèrè gidi ni. Àmọ́ orí irọ́ ló dúró lé, torí pípa ẹnikẹ́ni kò sí nínú òfin ọ̀pá náà.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ìtàn ọ̀pá yẹn. Nínú ìtàn àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n pátápátá tó kọ́kọ́ ni ín fọ́nnu nípa rẹ̀, ó mutí yó, ó sùn lọ, olè sì dú u lọ́rùn lórí ibùsùn. Voldemort, olórí ọ̀tá Harry, náà gbà pé ikú ni ọ̀nà, ìdí nìyẹn tó fi ní kí ejò rẹ̀ pa Snape. Ẹni tó bá wo fíìmù nìkan, ẹnu Voldemort ló ti gbọ́ òfin náà, bẹ́ẹ̀ Voldemort ló ṣì í mú. Ó sì rọrùn fún wa níbí láti gbà á gbọ́, torí a mọ̀ pé Àtáọ́ja kan ní láti wàjà kí òmíràn tó gorí àpèrè.

Ẹ wo Grindelwald, oníṣẹ́ idán burúkú kan láyé àtijọ́. Ibi iṣẹ́ Gregorovitch, tó ń ṣe ọ̀pá idán, ló ti jí ọ̀pá náà. Ó fi idán dá onílé dùbúlẹ̀, ó gba ojú fèrèsé bẹ́ jáde. Gregorovitch kò kú lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà ni Voldemort tó wá pa á. Síbẹ̀ Grindelwald di ọ̀gá ọ̀pá. Ní 1945, Dumbledore bá a jà, ó ṣẹ́gun rẹ̀, ó gba ọ̀pá, kò sì pa á. Grindelwald wà láàyè nínú ẹ̀wọ̀n Nurmengard títí di 1998, ọ̀pá sì sin Dumbledore láti 1945 títí di 1997. Tó bá jẹ́ ikú ni òfin, Dumbledore ì bá má jẹ́ ọ̀gá ọ̀pá yẹn fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ollivander, tí ọ̀pá ṣíṣe jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, là á fún Harry: ọ̀nà tí èèyàn gbà gba ọ̀pá ló jà jù, ibi tí wọ́n bá sì ti ṣẹ́gun gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹnì kan, ọ̀pá náà sábà máa ń yí sẹ́yìn ẹni tó ṣẹ́gun.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gun orí ilé gogoro Hogwarts, ní 1997. Ohun tí Dumbledore mu nínú ihò àpáta ti gba gbogbo okun rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí gbàgà, Draco Malfoy, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà lẹ́yìn Voldemort, já wọlé, ó ké "Expelliarmus!" Ìwọ̀nba àyè tí bàbá arúgbó ní láti fi gba ara rẹ̀, Harry ló fi dì mọ́lẹ̀ lábẹ́ aṣọ àìrí, kí ọmọ náà má bàa kó sí wàhálà. Ọ̀pá fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ré ògiri kọjá, ó já sísàlẹ̀ nínú òkùnkùn. Ibẹ̀ ló ti pààrọ̀ ọ̀gá. Draco kò fọwọ́ kàn án, kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Snape fi máa dé, kò sí ohun tó kù lọ́wọ́ Dumbledore tí ẹnikẹ́ni lè gbà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Dumbledore fúnra rẹ̀ ló bẹ Snape pé kó pa òun. Ẹni tí mo bẹ̀ pé kó ṣe nǹkan fún mi, tó sì ṣe é, kò ṣẹ́gun mi. Ohun tí Dumbledore ń fẹ́ gan-an ni pé kí òun kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni borí òun, kí agbára ọ̀pá sì bá òun lọ. Draco ló da ètò náà rú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú ilé àwọn Malfoy, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Harry fo àga kan, ó já ọ̀pá mẹ́ta gbà mọ́ Draco lọ́wọ́, ọ̀pá Draco fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Nígbà yẹn, inú ibojì Dumbledore ni Elder Wand ṣì wà, níbi tó jìnnà réré. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń jiyàn: báwo ni ọ̀pá tó wà nínú sàréè ṣe mọ̀? Ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n borí, kò pọn dandan kí òun fúnra rẹ̀ wà níbi ìjà. Lójú tèmi, kò sí ibi tí òǹkọ̀wé náà ti fi ọgbọ́n hàn tó ibí yìí, torí àárín ìjà játijàti tí kò sẹ́ni tó fọkàn sí ló gbé kọ́kọ́rọ́ gbogbo ìtàn pa mọ́ sí. Voldemort tú ibojì, ó gbé ọ̀pá lọ́wọ́, ó sì rí i pé kò ṣe ju èyí tó ti ń lò tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn kan á ní, ṣebí Voldemort fi ọ̀pá yẹn lu Harry ṣubú nínú igbó? Ó lù ú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Harry ti ki ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ aṣọ, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá a láti kú nítorí àwọn èèyàn rẹ̀. Kò jà, nítorí náà kò sẹ́ni tó borí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ May 2, 1998, ó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún Voldemort lójú gbogbo ayé. Voldemort kò gbà, ó fi ọ̀pá náà ju èpè ikú sí Harry, èpè sì padà sórí òun fúnra rẹ̀.

Nínú fíìmù tó jáde ní 2011, Harry ṣẹ́ ọ̀pá náà sí méjì. Nínú ìwé, tó jáde ní 2007, ó fi tún ọ̀pá tirẹ̀ tó ti kán ṣe, ó sì ní òun á dá a padà síbi tó ti wà. Bí òun bá kú láìsẹ́ni tó borí òun, agbára rẹ̀ tán nìyẹn. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni, ọmọ kékeré pàápàá, bá bá Harry jà tó sì já ọ̀pá èyíkéyìí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, ẹni yẹn ti di ọ̀gá Elder Wand láìmọ̀.