Fayolíìnì Fún Ọmọ Aláìní: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Ra Á?

Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọdé ní fayolíìnì lọ́jọ́ Sátidé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìbéèrè àwọn òbí kò dáwọ́ dúró. Díẹ̀ nínú wọn nìyí.

Ìbéèrè: Gàrí ni mò ń tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, gbọ́ fayolíìnì ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì jẹ́ kí n sinmi mọ́. Níbo ni kí n ti rí owó rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á, ìyá wa. Ohun tí kì í tètè yé àwọn òbí ni pé kì í ṣe owó fayolíìnì kan ṣoṣo ni ẹrù tí ó wúwo. Ohun tí ó wúwo ni pé ọmọ a máa dàgbà kúrò lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń dàgbà kúrò nínú bàtà. Oríṣiríṣi ìwọ̀n ni wọ́n ń ṣe é, láti orí èyí tí ó kéré bíi 1/16, tí ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè gbé, lọ sí 1/10, 1/8, 1/4, 1/2 àti 3/4, kí ó tó kan odindi, èyí tí ikùn rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 36. Ọmọ yín lè pààrọ̀ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Láti mọ ìwọ̀n tí ó bá ọmọ mu, a máa ń ní kí ó na apá òsì rẹ̀ gbọọrọ, kí a sì gbé fayolíìnì lé e léjìká. Bí orí fayolíìnì tí ó ká bí ìkarahun ìgbín bá bọ́ sí àárín àtẹ́lẹwọ́, tí àwọn ìka sì lè ká mọ́ ọn láìfi ipá, ó bá a mu nìyẹn. Àṣà wa pé kí a ra aṣọ tí ó tóbi kí ọmọ lè dàgbà bá a kò wúlò níbí rárá, nítorí pé èyí tí ó bá tóbi ju ọmọ lọ yóò máa dun ún lọ́rùn àti lápá, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi sú u.

Àṣà kejì ni ó wúlò: kí àbúrò máa wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n. Kí fayolíìnì jẹ́ ti ìlú, kí ọmọ máa yá a lò, kí ó dá a padà nígbà tí ó bá ti kéré jù fún un, kí ọmọ mìíràn sì gbà á. Bí ètò ẹ̀kọ́ orin El Sistema tí José Antonio Abreu dá sílẹ̀ ní Venezuela ní ọdún 1975 ṣe rí nìyẹn: ìjọba ni ó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, àwọn ọmọ tálákà kì í sanwó kí wọ́n tó kọ́ orin, ètò náà ni ó sì ń yá wọn ní ohun èlò. Àwa kò nílò láti dúró de ìjọba. Régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ ojúgbà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ó lè dá owó aṣọ ọdún Ojúde Ọba lọ́dọọdún lè dá owó fayolíìnì mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ ẹgbẹ́ ni èmi náà, mo sì ti gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ẹgbẹ́ mi.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe ohun òyìnbó ni?

Ìdáhùn: Gòjé tí a gbọ́ nínú sákárà Yusuf Olatunji, irun ìrù ẹṣin ni a fi ń fà á, irun ìrù ẹṣin náà ni ó wà lára ọ̀pá tí a fi ń fa okùn fayolíìnì. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí àmì lára ọrùn fayolíìnì tí yóò sọ ibi tí ìka yóò tẹ̀, bí ti gìtá. Etí ni ó ń wá ohùn. Lójú tèmi, ọmọ tí ó ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀ àti ọkọ́ kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ńkọ́? A gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Oníkàn, l'Ékòó, ni wọ́n ti ń kọ́ ọ dáadáa.

Ìdáhùn: Ọmọ ọdún méje kò lè máa wọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú lọ sí Oníkàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin náà kò sì lè ti ọjà máa tẹ̀ lé e. Ó sàn kí olùkọ́ kan wá bá ọmọ mẹ́wàá, kí a sì pín owó ọkọ̀ rẹ̀. Shinichi Suzuki, olùkọ́ fayolíìnì ará Jàpáánì, gbà pé bí ọmọ ṣe ń kọ́ èdè abínibí rẹ̀ ni ó ṣe lè kọ́ orin: kí ó máa gbọ́ ọ, kí ó máa tún un sọ, kí òbí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ nílé ṣe pàtàkì ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn tí ó kéré jù ń fi páálí àti igi kọ́ ìdúró àti bí a ṣe ń di ọ̀pá mú kí wọ́n tó fọwọ́ kan fayolíìnì. Oje igi gbígbẹ tí a fi ń pa irun ọ̀pá nìkan ni a ń ní kí òbí rà, nítorí pé láìsí i, ọ̀pá náà yóò kàn máa yọ̀ lórí okùn láìdún.

Ìbéèrè: Ẹ̀rù ń bà mí láti yá a. Bí ó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má nà án. Afárá kékeré tí ó gbé okùn mẹ́rin náà ró kò lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Okùn ni ó dì í mú, ó sì lè ṣubú nígbàkígbà. Nígbà ọyẹ́, igi a máa sún kì, ibi tí wọ́n ti lẹ igi rẹ̀ pọ̀ létí á sì là. Ẹ má ṣe fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́, nítorí pé àtè tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran ni wọ́n fi ń lẹ ojúlówó rẹ̀, kí ó lè ṣeé tú kí a tó tún un ṣe. Ẹ dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ sì gbé e wá bí ó ṣe wà.