Abẹ́rẹ́ Tó Ń Ṣọ́nà Lóru: Bí Ènìyàn Ṣe Dẹni Tó Mọ Góńgó Ooru àti Òtútù Ojoojúmọ́

Ẹni tó bá ń jí ní ìdájí láti lọ pọnmi ní ìgbà ọyẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀gànjọ́ òru ni òtútù máa ń mú jù. Ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, tí oòrùn kò tíì yọ, ni omi inú garawa máa ń ta ènìyàn lọ́wọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti ń tú ooru tó gbà lọ́sàn-án sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní rí òmíràn gbà títí oòrùn yóò fi padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ooru kì í mú jù ní agogo méjìlá ọ̀sán tí oòrùn wà ní àtàrí, nítorí pé lẹ́yìn ìgbà náà, ilẹ̀ ṣì ń gba ooru ju èyí tó ń tú sílẹ̀ lọ fún wákàtí bíi méjì sí mẹ́ta. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ, tí ìkùukùu kò sì bo ojú ọ̀run, àlàfo tó wà láàárín méjèèjì a máa fẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọyẹ́ fi ń mú wa gbọ̀n ní ìdájí tí oòrùn tún ń jó wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà.

Ara mọ èyí tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n láti fi nọ́ńbà sọ ọ́ ni ó ṣòro. Daniel Gabriel Fahrenheit ti ṣe tẹmómítà oní-mẹ́kúrì, irin tó máa ń ṣàn bí omi, ní ọdún 1714, Anders Celsius ará Sweden sì gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ kalẹ̀ ní 1742. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú tí ojú bá wà lára irú tẹmómítà bẹ́ẹ̀ nìkan ni ó lè ròyìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òtútù ṣe mú tó lóru ní láti gbé àtùpà tì í títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí oorun bá gbé e lọ díẹ̀, àkókò tó ń ṣọ́ gan-an lè kọjá lójú oorun. Bí ó bá sì sún mọ́ dígí náà pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́, àtùpà àti èémí rẹ̀ ti fi ooru kún ohun tó fẹ́ wọ̀n.

Ọkùnrin tó wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí ni James Six, ará ìlú Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìdílé rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ aṣọ ṣẹ́dà híhun. Ní 1780 ni ó ṣe tẹmómítà kan tó lè rántí nǹkan, ìròyìn rẹ̀ sì jáde nínú ìwé Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1782. Ọ̀pá dígí tínńrín tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U ni. Sípírítì ló kún inú ìkòkò dígí tó so mọ́ apá kan rẹ̀, mẹ́kúrì sì wà nínú U náà. Bí ooru bá mú, sípírítì a wú, a ti mẹ́kúrì lọ sókè ní apá kejì; bí òtútù bá dé, sípírítì a sún kì, mẹ́kúrì a sì gun apá ti àkọ́kọ́. Lórí mẹ́kúrì ní apá kọ̀ọ̀kan ni abẹ́rẹ́ irin kékeré kan wà, tí ó há díẹ̀ mọ́ ara dígí. Mẹ́kúrì lè tì í gòkè, ṣùgbọ́n nígbà tí mẹ́kúrì bá padà sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ kò ní bá a lọ. Ní àárọ̀, ẹni tó sùn fọnfọn yóò wá wo ibi tí ìdí abẹ́rẹ́ dúró sí, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì fi òòfà fa abẹ́rẹ́ náà padà sórí mẹ́kúrì kí iṣẹ́ ọjọ́ mìíràn lè bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdí abẹ́rẹ́ yìí sọ́kàn.

Lójú tèmi, ibí yìí ni ìmọ̀ góńgó ooru àti òtútù ojoojúmọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ti gidi. Six fúnra rẹ̀ kò fi ṣeré: ó gbé tẹmómítà kan sínú ọgbà rẹ̀, ó gbé òmíràn sókè ilé ìṣọ́ kàtídírà Canterbury, ó sì rí i pé ní àwọn òru kan, òtútù ìsàlẹ̀ máa ń mú ju ti òkè lọ, ohun tí ẹnikẹ́ni tó gbà pé òkè ló máa ń tutù jù kò lè rò. Ó kú ní 1793.

Àwọn mìíràn tún iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1852, ilé iṣẹ́ Negretti àti Zambra ní Lọ́ńdọ̀nù gba ẹ̀tọ́ lórí tẹmómítà tí wọ́n fún lọ́rùn kí mẹ́kúrì tó bá ti gòkè má lè sọ̀ kalẹ̀. Irú ọrùn bẹ́ẹ̀ ló wà nínú èyí tí nọ́ọ̀sì máa ń jù wìì kí ó tó fi sí ènìyàn lábíyá. Thomas Stevenson, tó ń kọ́ ilé iná fún àwọn ọkọ̀ ojú omi ní Scotland, ṣe àpótí funfun tí afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, kí oòrùn má baà máa kan tẹmómítà lára. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ jíógíráfì ní ilé ìwé gírámà wa yóò rántí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà láàárín koríko.

Ní ilé ìwé ni èmi náà ti há a sórí pé ibi tí ooru tíì mú jù láyé ni El Azizia ní Líbíà: dígírì Celsius 58, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 1922. Àwọn ọmọ ogun Ítálì ló ní ibùdó níbẹ̀ nígbà náà. Tẹmómítà gidi tí wọ́n ń lò bàjẹ́, wọ́n sì fi irú ti Six rọ́pò rẹ̀. Láàárín 2010 sí 2012 ni Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé ní kí àwọn onímọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Khalid El Fadli ará Líbíà wà lára wọn, ogun ọdún 2011 sì gé e kúrò lára àwọn yòókù fún oṣù mélòó kan. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ibùdó náà, wọ́n rí i pé láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 1922 ni ọwọ́ ìkọ̀wé ti yí padà, tí ẹni tuntun náà sì ń kọ nọ́ńbà sí ibi tí kò yẹ kó wà. Gígùn abẹ́rẹ́ inú tẹmómítà irú bẹ́ẹ̀ tó dígírì méje. Ó jọ pé orí abẹ́rẹ́ ni ẹni náà ń kà dípò ìdí rẹ̀, àwọn ibùdó tó wà nítòsí kò sì rí irú ooru bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 2012, tó pé àádọ́rùn-ún ọdún géérégé, àjọ náà fagi lé 58. Ipò náà bọ́ sọ́wọ́ Furnace Creek ní aṣálẹ̀ Death Valley ní California, níbi tí wọ́n ti ka 56.7 ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 1913.